Bí Mo Ṣe Ń Pe Àwọn Oníṣokoléètì Lọ sí Galveston

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Fondren Southwest, ní Houston, ló ní kí àwa àgbà máa sọ ìtàn iṣẹ́ tí a fi ayé wa ṣe, kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ọ̀nà lè rí nǹkan dì mú. Dókítà sọ tiwọn. Enjiníà sọ tiwọn, ó sì dùn ún gbọ́. Nígbà tó kàn mí, ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú nawọ́ sókè.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, what exactly did you do? Ṣé ẹ máa ń ta chocolate ni?"

Mo ní, "Rárá o. N kò tà á rí, n kò sì mọ̀ ọ́n ṣe. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa pe àwọn tó ń ṣe é."

"Kí ẹ máa pè wọ́n báwo?"

"Kí n pè wọ́n, kí wọ́n sì wá."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí, nítorí mo rí i pé iṣẹ́ yẹpẹrẹ ni wọ́n kà á sí. Ẹ̀yin ọmọ mi, kì í ṣe ohun kékeré láti sọ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí pé kó di ẹrù rẹ̀, kó fi ilé rẹ̀ sílẹ̀, kó wá tẹ́ tábìlì síbi tí ìwọ bá ní kó dúró sí.

Lọ́dọọdún ni àwọn ará Galveston máa ń ṣe àjọ̀dún ṣokoléètì. Ẹ mọ Galveston, ìlú àtijọ́ tó wà létí òkun, tí a bá ti kọjá League City. Ilé onípákó àti ilé bíríkì wà níbẹ̀ tó dàgbà ju bàbá-bàbá ẹni lọ. Atẹ́gùn òkun àti iyọ̀ kì í sì í jẹ́ kí àwọn ilé náà sinmi. Èrè àjọ̀dún yìí ni àwọn aráàlú fi ń tún wọn ṣe. Àwọn oníṣokoléètì á wá pàtẹ, èrò á máa tọ́ ọ wò, wọ́n á máa rà. Bí kò bá sí olùpàtẹ, kò sí àjọ̀dún. Ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ wá àwọn olùpàtẹ yìí rí, kó sì mú wọn wá. Èmi ni ẹni náà fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, kí n tó fẹ̀yìn tì láìpẹ́ yìí.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Ọkọ mi ń kàwé lọ́wọ́ ní yunifásítì, èmi ń ṣiṣẹ́ ní daycare. Ìyá àgbà kan tó máa ń wá mú ọmọ-ọmọ wọn níbẹ̀ rí bí mo ṣe ń bá àwọn ọmọ olórí kunkun sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń jẹun. Wọ́n ní, "Bí o bá lè bẹ ọmọ ọdún méjì kó jẹ ẹ̀wà, wàá lè bá mi ṣiṣẹ́." Owó rẹ̀ kéré níbẹ̀rẹ̀, nígbà tó yá ó tó wa jẹ. Ó parí.

Miss Verna ni orúkọ ìyá náà, àwọn ni wọ́n di ọ̀gá mi. Ọmọ Galveston ni wọ́n, adúláwọ̀ tí àwọn baba ńlá wọn ti wà ní erékùṣù náà láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́. Wọ́n ga, wọ́n tín-ín-rín, bàtà ọkùnrin ni wọ́n sì máa ń wọ̀, nítorí ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì kò ní "ẹ" nínú, ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, "ẹ" ni mo fi ń bá wọn sọ̀rọ̀ títí ọjọ́ ikú wọn. Wọn kì í pariwo. Bí inú bá bí wọn, ohùn wọn á túbọ̀ lọ sílẹ̀ ni, débi pé ìwọ tí wọ́n ń bá wí lo máa sún mọ́ wọn kí o tó lè gbọ́ ẹ̀bi rẹ.

Ọ̀sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí n kọ ìwé ìpè. Mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tó lágbára, irú èyí tí tíṣà wa ní girama máa ń fi yangàn. Miss Verna kà á tán, wọ́n gbé e sílẹ̀.

"Ta lo kọ èyí sí?"

"Gbogbo wọn ni, mà."

"Gbogbo wọn kì í ka lẹ́tà. Ẹnì kan ló ń ka lẹ́tà. Kí ni orúkọ ẹni náà? Kí lo jẹ lọ́wọ́ rẹ̀?"

N kò tíì jẹ ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Lọ jẹun," ni wọ́n wí, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn.

Bí mo ṣe fi ọ̀pọ̀ oṣù rìn káàkiri Houston nìyẹn. Bọ́ọ̀sì ni mo kọ́kọ́ ń wọ̀, nígbà tó yá mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mọ́tò ọkọ mi, ògbólógbòó kan tó máa ń gbọ̀n bí ẹni ń ṣàìsàn ibà tó bá ti gun orí freeway. Láti ṣọ́ọ̀bù dé ilé ìdáná, láti ilé ìdáná dé gáréèjì tí ẹnì kan ti ń yọ́ ṣokoléètì lẹ́yìn iṣẹ́, mò ń tọ́ ọ wò. N kò gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni tí n kò tíì jẹ ohun tó ṣe. Bí mo bá dé, Miss Verna á bi mí pé kí ni ti ẹni yẹn ṣe lẹ́nu mi. Bí mo bá dáhùn pé ó dùn, wọn kò ní wò mí.

"Súgà náà dùn," ni wọ́n máa ń sọ. "Kí ló tún ṣe?"

Títí ahọ́n mi fi là. Mo kọ́ bí a ti ń sọ pé, èyí kan lẹ́nu níkẹyìn bí àgbálùmọ̀. Èyí gba itọ́ lẹ́nu bí orógbó. Èyí ti yọ́ kí eyín tó kàn án. Ọjọ́ tí mo ṣàlàyé àgbálùmọ̀ fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Òfin mìíràn tí wọ́n fún mi ni pé kí n máa sọ èyí tó burú ṣáájú. Kí n má sọ fún olùpàtẹ pé ọjà á yá. Kí n sọ fún un pé oòrùn á dé ojú ìsọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án, pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jìnnà, pé atẹ́gùn òkun lè gbé aṣọ tábìlì lọ. Wọ́n tún ní kí n máa kí gbogbo ilẹ̀kùn tó wà ní àdúgbò náà, ẹni tó ń ta bàtà, ẹni tó ń tún aago ṣe, ẹni tí kò fẹ́ràn ariwo wa rárá. Ó sú mi. Mo bi wọ́n pé kí ló kan alágogo nínú ṣokoléètì. Ohùn wọn lọ sílẹ̀, mo sún mọ́ wọn.

"Ìwọ tí o fẹ́ kó àlejò wá sí àdúgbò ẹlòmíràn, ṣé o ò ní kí onílé ni?"

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ẹ̀kọ́ ilé ni mo lọ gbọ́ lẹ́nu ará Galveston. Ojú tì mí, mo lọ kí alágogo.

Ẹni tí mo fi gboyè nínú iṣẹ́ yìí ni Doña Carmela. Ìyá àgbàlagbà ni wọ́n, ọmọ Mẹ́síkò, tí wọ́n ń lọ kòkó fúnra wọn ní ilé ìdáná wọn ní ìhà ìlà-oòrùn Houston. Ṣokoléètì gbígbóná tí wọ́n ń pò, tí wọ́n fi igi kan tí orí rẹ̀ ní eyín-eyín yí láàárín àtẹ́lẹwọ́ bí ìjábẹ̀ títí tó fi hó fùkẹ̀fùkẹ̀, kò láfiwé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Miss Verna ti ń pè wọ́n, wọ́n kọ̀. Ọ̀gá mi wá ní, "Ìwọ lọ."

Mo lọ. Wọ́n fún mi ní ife kan, wọ́n ní àwọn kò wá. Mo tún lọ, wọ́n fún mi ní ife kan, wọ́n ní àwọn kò wá. Nígbà tí mo tún lọ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo bá wọn tí wọ́n ń bó èèpo hóró kòkó tí wọ́n ti yan. Mo fọwọ́, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn bó o. N kò ronú sí i. Bàbá mi dáko kòkó lẹ́bàá Ìdànrè, ọwọ́ mi ti mọ hóró kòkó kí ó tó mọ bírò.

Doña Carmela wo ọwọ́ mi títí. Wọ́n ní, "Ibi tí wọ́n pè mí sí kẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá ni wọ́n gbé mi sí, wọ́n sì ní ibi tó dára ni. Ìwọ, níbo lo fẹ́ kí n dúró sí?"

Mo ní, "Igun òpópónà ni. Oòrùn á wà lójú yín títí di ọ̀sán. Atẹ́gùn lè pa iná yín. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá ń wọlé ló máa gbóòórùn ohun tí ẹ ń ṣe."

Wọ́n tún kó hóró sínú abọ́ níwájú mi. "Màá mú ohun tí a fi ń bo iná wá," ni wọ́n wí.

Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Láti ọjọ́ náà ni Miss Verna ti ń jẹ́ kí n dá pe ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọdún tí ẹ̀rọ amúlétutù kú. Àjọ̀dún ti gbòòrò nígbà náà, a ti kó o wọ inú gbọ̀ngàn bíríkì ńlá kan tí wọ́n ń kó òwú sí láyé àtijọ́. Ìgbà òtútù ni a máa ń ṣe é nítorí ooru, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ Texas kò ṣeé fọkàn tán. Ooru mú láàárọ̀ ọjọ́ náà bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí a ti ṣí ilẹ̀kùn fún èrò báyìí, ẹ̀rọ náà ké, ó gbọ̀n, ó dákẹ́.

Ṣokoléètì kì í ké. Ó kọ́kọ́ làágùn, lẹ́yìn náà ó ń dán, lẹ́yìn náà ó tẹ̀. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó wa mọ́tò láti ìpínlẹ̀ mìíràn, tó fi ṣokoléètì kọ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé àtijọ́ Galveston, pẹ̀lú fèrèsé àti àkàbà. A ń wò ó, òrùlé ilé náà rọra wọ inú pálọ̀. Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù.

Mo mọ̀ pé bí mọ́tò kan bá lọ, gbogbo wọn á tẹ̀lé e, wọ́n á sì ròyìn wa dé ibi tí ẹsẹ̀ mi kò lè dé láti lọ tún un ṣe. Mo wo Miss Verna. Àga ni wọ́n ń jókòó sí nígbà yẹn, ẹsẹ̀ ti ń dùn wọ́n. Wọ́n kàn ń wò mí.

Apẹja kan tó jẹ́ ọmọ Vietnam, tí mo máa ń kí ní èbúté, ti gbọ́. Ó fi ọkọ̀ gbé yìnyín tó fi ń tọ́jú edé wá, ó ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé ayọ̀ ló gbé wá. Àwọn oníṣokoléètì figbe ta. Ṣokoléètì a máa fa òórùn bí aṣọ ṣe ń fa omi. Bí yìnyín yẹn bá wọlé, gbogbo ọjà wọn á di ọbẹ̀ edé. Omi yìnyín náà sì tún jẹ́ ọ̀tá ṣokoléètì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ apẹja, mo ní kó jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ fi yìnyín náà nu ojú níta.

Ìgbà náà ni mo rántí ilé alágogo. Ilé ìfowópamọ́ ni ilé náà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìsọ̀ rẹ̀, yàrá tí wọ́n ń kó owó sí láyé ọjọ́un ṣì wà níbẹ̀, ògiri rẹ̀ nípọn, ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ irin, inú rẹ̀ tutù, ó sì gbẹ. Ó ti fi hàn mí rí, nígbà tí mo lọ kí i. Mo sáré. N kò rántí ìgbà tí mo ti sáré bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Mo bá a tó ń nu dígí aago.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ṣokoléètì ló ń kú lọ."

Ó gbé dígí sílẹ̀. "Ṣé ó máa ń fi àbàwọ́n sílẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì mú kọ́kọ́rọ́.

A tò láti gbọ̀ngàn dé ilé alágogo, àwọn olùpàtẹ, àwọn aráàlú, àwọn ọ̀rẹ́ mi tó bá mi wá láti ìjọ. A ń gbé páálí láti ọwọ́ dé ọwọ́, obìnrin tó ti di ẹrù rẹ̀ náà wà lórí ìlà. Díẹ̀díẹ̀ la ń kó ọjà jáde, èyí tí èrò bá lè jẹ tán kó tó yọ́. Àwọn èrò tò sílẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, ó dà bí ẹni pé ohun tí kò pọ̀ lórí tábìlì túbọ̀ ń wù wọ́n. Doña Carmela, tí ooru kò lè ṣe tiwọn ní nǹkan kan, ń bu ife fún gbogbo ẹni tó ń gbẹ́rù. Ọkùnrin tí òrùlé rẹ̀ wó ní kí àwọn ọmọdé wá jẹ ilé náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti àkàbà. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Lọ́jọ́ náà, a rìn pọ̀.

Nígbà tí a ṣe tán, Miss Verna pè mí mọ́ra. Mo rò pé ìbáwí ni, nítorí ohùn wọn lọ sílẹ̀ gan-an.

"Mo ti lè jókòó báyìí," ni wọ́n wí.

Wọn kò ṣiṣẹ́ náà mọ́ lẹ́yìn ọdún yẹn. Ó di tèmi.

Ohun èlò iṣẹ́ yí padà lójú mi. Fóònù ara ògiri tí okùn rẹ̀ gùn dé ilé ìdáná ni mo fi bẹ̀rẹ̀, tí mo ń ro ọbẹ̀ tí mo ń bá oníṣokoléètì sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ fáàsì tí a fi ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ dé, ó lọ. Ọdún tí ímeèlì wọlé, ẹni tí wọ́n fi ràn mí lọ́wọ́ tẹ bọ́tìnnì kan, ó ní ìpè ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo ayé. Àwọn tó dáhùn kò tó kún tábìlì kan, àwọn náà kò sì mọ ohun tí a pè wọ́n wá ṣe. Mo rántí ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi, pé gbogbo wọn kì í ka lẹ́tà. Ṣùgbọ́n n kì í bá ohun tuntun jà, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àwòrán tí àwọn ọmọ ń gbé sórí Instagram ló jẹ́ kí n mọ àwọn tí n kì bá tí mọ̀ láyé. Nígbà tí WhatsApp dé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn mi ránṣẹ́. Màá pe orúkọ ẹni náà, màá sọ ohun tí ṣokoléètì rẹ̀ ṣe lẹ́nu mi. Wọ́n máa ń dáhùn. Kìkì pé mo ní láti kọ́kọ́ lọ jẹ ẹ́, nítorí fóònù kò tíì ní ahọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ń yan iṣẹ́, n kò lè sọ èyí tí ẹ máa yàn fún yín. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n sọ ti Tèmi, ọmọbìnrin ìjọ wa tí ẹ mọ̀.

Ìyá rẹ̀ ló pè mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà wá. Tèmi ní òun fẹ́ fi iṣẹ́ enjiníà sílẹ̀ ní àdúgbò Westchase, òun fẹ́ máa ṣe chocolate. Bàbá rẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ nínú ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a sọ̀rọ̀, yóò gbọ́ tiyín."

Mo lọ sí apartment rẹ̀. Ọmọ náà ti mọ̀ pé wọ́n rán mi ni, ó ti lejú. Mo ní kó fún mi jẹ ná. Kòkó Nàìjíríà ló fi ṣe é, ó ń yangàn. Mo fi sẹ́nu.

"Tèmi, èéfín wà nínú rẹ̀."

"Mummy, that's the flavor. Ó yàtọ̀ ni."

"Èéfín ni, ọmọ mi. Wọ́n fi iná mú kòkó yìí gbẹ nígbà tí òjò ò jẹ́ kí oòrùn ráyè."

Mo sọ fún un bí a ṣe máa ń sá kòkó sórí ẹní lọ́dọ̀ bàbá mi, bí òjò bá ṣú, gbogbo ilé, títí kan ìyàwó tuntun, á sáré jáde lọ kó o. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"So ẹ ò ní pè mí."

"Kò tíì tó ìpè. Má tíì fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀. Bí o bá rí kòkó tí wọ́n sá sóòrùn, pè mí, màá wá."

Ó dùn ún, mo mọ̀. Ó pẹ́ kó tó pè mí, mo ti ń rò pé ó ti gbàgbé. Ó ti wá àwọn àgbẹ̀ kan rí nílé, tí wọ́n ń fi sùúrù sá kòkó wọn. Nígbà tí mo jẹ èyí, mo wá àga, mo jókòó. Ó korò díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ó kan díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ṣí lẹ́nu bí ilẹ̀ oko ṣe máa ń rí lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Mo ní, "Tèmítọ́pẹ́, mo pè ọ́. Wá pàtẹ."

Ó dì mọ́ mi, ó ń sunkún. "Daddy ò ní wá," ló ń sọ.

Mo lọ bá bàbá rẹ̀ ní League City, Enjiníà Ọládàpọ̀. Mo jù ú lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ti di bàbá àwọn ọmọ, "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tí a jẹun tán, òun fúnra rẹ̀ ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kòkó ni mo sá fún. Inú oko kòkó ni wọ́n bí mi sí. Owó ilé ìwé ẹnì kan ṣoṣo ni kòkó lè san, Brọ̀dá mi sì ní kí n lọ. Wọ́n fi ìwé sílẹ̀, wọ́n dúró sínú oko kí n lè jáde. Mo jáde. Ọmọ mi wá ń wọlé padà."

Mo ní, "Bàbá Tèmi, n kò wá bẹ̀bẹ̀ fún Tèmi. Ẹ̀yin ni mo wá pè."

"Èmi? Kí ni mo fẹ́ pàtẹ?"

"Èso kòkó tútù ń bọ̀ láti Hawaii. Lọ́dọọdún ni àwọn ènìyàn yìí ń jẹ ṣokoléètì, wọn kò tíì rí ibi tó ti jáde. Ẹ wá fọ́ ọ hàn wọ́n. Ẹ̀yìn á dùn yín. Àwọn ọmọdé á bi yín ní ìbéèrè kan náà títí á fi sú yín. Ó sì ṣeé ṣe kí ohun tí ẹ sá fún wá bá yín níbẹ̀."

Ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Mo tún lọ kí wọn lẹ́yìn ìgbà náà, mo tún lọ. N kò mẹ́nu bà á mọ́, ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Ọjọ́ kan, ó sìn mí dé ìdí mọ́tò, ó di ilẹ̀kùn mú.

"Kí ni wọ́n fẹ́ kí n fi fọ́ kòkó náà? Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé ọ̀bẹ fún mi o. A kì í gé kòkó bí ẹni ń gé kéèkì, hóró inú rẹ̀ á bàjẹ́. Kùmọ̀ kékeré ni."

Mo ní, "Ẹ gbẹ́ ẹ wá."

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó lọ̀ dáadáa, ó dúró ṣánṣán lẹ́yìn tábìlì bí ẹni fẹ́ ṣe ìdánwò. Ìsọ̀ Tèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọn kò wo ara wọn. Ó gbé èso kan, ó fi kùmọ̀ lù ú, ó yí i, ó là. Nígbà tí àwọn ọmọdé rí hóró funfun tó tò sínú rẹ̀ bí eyín, wọ́n pariwo. Ó ní kí wọ́n mú un lá. Ọmọ kan lá a, ó la ojú. "It's sweet!"

"Ó máa ń dùn," ni Enjiníà dáhùn ní Yorùbá, kò mọ̀ pé òun kò sọ Gẹ̀ẹ́sì.

Ohùn rẹ̀ tú láti ibẹ̀. Ó ń sọ bí a ṣe ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, bí ó ṣe ń gbóná fúnra rẹ̀ lábẹ́ ewé náà, bí a ṣe ń sá a. Bí àwọn ènìyàn bá ti gbọ́ tán, ó ń na ọwọ́ sí ìsọ̀ kejì. "Now go and see what my daughter did with it." Mo rí Tèmi tó yíjú sẹ́yìn, tó ń fi apá nu ojú.

Nígbà tí èrò ti ń tú ká, Tèmi gbé ègé kan wá fún un lórí bébà. Ọkùnrin tí wọ́n bí sínú oko kòkó, kò tíì jẹ ṣokoléètì ọmọ rẹ̀ rí. Ó wò ó, ó fi sẹ́nu, ó dijú.

"Ó kù?"

"Ó ti tán, Daddy. Èyí tó kẹ́yìn ni mo fi pa mọ́ fún yín."

Ó fi ọwọ́ kan orí ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ó yà sẹ́bàá ògiri gbọ̀ngàn, ó fi fóònù sétí. Mo wà nítòsí, mo gbọ́ ọ.

"Brọ̀dá mi, ẹ má bínú, mo mọ̀ pé mo jí yín. … Rárá, àlàáfíà ni. Ẹ jọ̀ọ́, láti ọjọ́ tí ẹ ti wà nínú oko yẹn, ṣé ẹ ti jẹ ṣokoléètì rí?" Ó gbọ́ èsì, ó gbé ọwọ́ lé ògiri. "Ó dáa, sà. Mò ń mú un bọ̀. Èmi àti Tèmi la máa mú un wá, a máa bá yín dénú oko."

Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo lọ bá wọn ká tábìlì.